Bàálù já níbi tí ogun ti ń jà: èwo ni ká gbà gbọ́ nínú ohun tí ayé ń sọ?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará wa ní Òṣogbo, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń dà wá láàmú nínú ilé, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lè là wá lóye. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Rọ́ṣíà. Ó wá sinmi sílé, ó sì kù díẹ̀ kó padà, ṣùgbọ́n bàbá wa ti fàáké kọ́rí pé kò ní wọ bàálù kankan lọ sí apá ibẹ̀ mọ́. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n ni bàálù Azerbaijan Airlines tó gbéra ní Baku ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tó ń lọ sí Grozny ní Rọ́ṣíà, tó sì wá já nítòsí ìlú Aktau ní Kazakhstan. Ènìyàn 67 ló wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 38 kú, 29 sì mórí bọ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ikú náà ń da Bàbá láàmú ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí WhatsApp, ẹnì kan ní ẹyẹ ló kọlù ú, ẹnì kejì ní Rọ́ṣíà ló yìn ín lulẹ̀, ẹnì kẹta ní Yukréènì ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ti ń wá láti pa. Bí Bàbá bá ti kírun tán ní mọ́sálásí, wọ́n á tún gbọ́ òmíràn bọ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká gbà gbọ́? Ìgbà wo ni ìfura tọ̀nà, ìgbà wo ló sì jẹ́ àhesọ lásán? Kí ni mo sì lè sọ fún Bàbá tí kò ní dà bí ẹni pé mò ń sọ wọ́n di òpùrọ́?

Tíṣà Àgbà, Àlékùwọdò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Bí ọkàn gbogbo wa ṣe ń ronú nìyẹn nígbà tí bàálù bá já níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń fìbínú wo ara wọn. N kò ní sọ fún Bàbá pé wọ́n ṣìnà tí wọ́n bá ronú bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ tó kàn wá yìí, àjẹ́ tó ké náà ló pa ọmọ.

Ẹ wo ti Ìráànì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2020, Amẹ́ríkà pa ọ̀gágun Ìráànì kan, Qasem Soleimani, ní Baghdad. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí Ìráànì ju mísáìlì sí àwọn ibùdó tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Ìráàkì láti gbẹ̀san, bàálù Ukraine International Airlines tó ń lọ sí Kyiv já kété tó gbéra ní Tehran, gbogbo ènìyàn 176 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìjọba Ìráànì ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di ọjọ́ 11 oṣù náà kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé àwọn ọmọ ogun tiwọn ló yìn ín. Bákan náà ni ti Aktau: àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú Rọ́ṣíà kọ́kọ́ ní ẹyẹ ni. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí Ààrẹ Ilham Aliyev ti Azerbaijan fi sọ ní gbangba pé láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti yìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Putin fúnra rẹ̀ wá sọ pé mísáìlì méjì tí Rọ́ṣíà yìn ló bú nítòsí bàálù náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan ṣoṣo hàn yín, ọjọ́ 17 oṣù Keje. Ní ọjọ́ náà lọ́dún 2014, bàálù Malaysia Airlines tó gbéra ní Amsterdam já ní ìlà oòrùn Yukréènì, ènìyàn 298 sì kú. Gbogbo ayé ní mísáìlì ni, mísáìlì náà ló sì jẹ́. Àwọn olùwádìí Nẹ́dálándì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015 pé mísáìlì Buk, irú èyí tí wọ́n máa ń yìn láti ilẹ̀ lu ọkọ̀ òfuurufú, ló fọ́ ọ, ilé ẹjọ́ wọn sì dá ọkùnrin mẹ́ta lẹ́bi ìpànìyàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje kan náà, ṣùgbọ́n lọ́dún 1996, bàálù TWA tó ń ti New York lọ sí Paris bú gbàmù lójú òfuurufú, ènìyàn 230 kú, ó sì ku ọjọ́ méjì kí ìdíje Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta. Níbẹ̀ náà, àwọn tó dúró létí òkun ní àwọn rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gòkè lọ bá bàálù. Àwọn kan ní bọ́ǹbù àwọn apániláyà ni, àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ṣèèṣì yìn ín. Àwọn olùwádìí ṣa àwókù rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ òkun, wọ́n tò ó padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n tó ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n rí ni pé ooru epo inú táǹkì àárín ló gbiná, ó sì ṣeé ṣe jù lọ kó jẹ́ pé wáyà iná tó kan ara wọn ló ṣokùnfà rẹ̀. Ìdánilójú tí àwọn ènìyàn fi sọ̀rọ̀ ní ìgbà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ìdánilójú ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Bàbá Ẹnjiníà, Ayétòrò

Mo bá wọn tún bàálù ṣe ní Ìkẹjà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ kún un. Ara àwókù bàálù kì í purọ́ bíi tènìyàn. Bí irin bá ti ìta wọ inú ọkọ̀, etí ihò náà á tẹ̀ sínú; bó bá jẹ́ pé inú ni nǹkan ti bú, páànù á ṣí síta. Ti bàálù tó já ní Yukréènì lọ́dún 2014, apá òsì ilé àwọn atukọ̀ ni ihò pọ̀ sí jù, nínú ara àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níwájú sì ni wọ́n ti yọ àwọn irin kéékèèké kan tó fẹ̀ lórí méjèèjì tó sì há láàárín bí ìlù gángan. Orí mísáìlì Buk kan pàtó ni irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Irin wẹ́wẹ́ yẹn wúwo nínú ìwádìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba mẹ́wàá lọ.

Ní ti Aktau, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìrù bàálù náà kò jóná, àwọn ènìyàn sì ya àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe kún fún ihò wínníwínní. Ẹyẹ kan kò lè lu irú ihò bẹ́ẹ̀ sí ìrù ọkọ̀. Epo tó ń gbé agbára dé ibi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ti jò dànù, nítorí náà agbára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi kún tí wọ́n sì ń dín kù ni àwọn atukọ̀ fi gbìyànjú láti darí rẹ̀ kọjá Òkun Caspian. Àwọn méjèèjì kú. Àwọn 29 tó wà láàyè lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn atukọ̀ yẹn ni, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń pín àhesọ kì í dárúkọ wọn.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, tí wọ́n bá sọ fún yín pé báyìí ni bàálù kan ṣe já, ẹ béèrè pé ta ni àwókù rẹ̀ àti àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin àgbáyé sọ pé orílẹ̀-èdè tí bàálù já sí ló máa ṣáájú ìwádìí, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ àti èyí tó ṣe é ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kazakhstan kó àwọn àpótí ti Aktau lọ sí Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ṣe bàálù Embraer náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní wọ́n fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìròyìn àkọ́kọ́ jáde, ó sì sọ nípa àwọn nǹkan tó ti ìta gún ara ọkọ̀. Ìròyìn náà kò dárúkọ ẹni tó yìn ín. Àwọn ènìyàn bínú sí i nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwádìí irú èyí wà láti dènà ikú mìíràn, iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni dídá ẹ̀bi.

Ẹ tún wo ẹni tí òtítọ́ máa ná lówó. Bàálù Metrojet ti Rọ́ṣíà tó gbéra ní Sharm el-Sheikh ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2015 fọ́ lókè aṣálẹ̀ Sínáì, ènìyàn 224 sì kú. Íjíbítì, tí owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń bọ́, kọ̀ láti pè é ní bọ́ǹbù. Rọ́ṣíà náà falẹ̀ títí di ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá kó tó sọ pé bọ́ǹbù ni.

Àǹtí Ìgbọ́nà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú ìwòye ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àna mi kan wà nínú bàálù Bellview tó gbéra ní Èkó tó ń lọ sí Abuja ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni pé wọ́n ti rí bàálù náà ní agbègbè Kíṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wà láàyè. Ẹ ò lè mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ìyàwó ilé. Wọ́n ká aṣọ ìbora, wọ́n ra omi, wọ́n kó sínú mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, àti pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè nínú àwọn 117.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn kan náà ni ìròyìn ikú ìyàwó Ààrẹ Ọbásanjọ́ dé láti Spain, ni àhesọ bá gba orí àhesọ. Gbogbo ọlọ́jà ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ pa àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ pa á. Inú ilé tí a ti ń sunkún ni wọ́n ti ń sọ ọ́, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ opó bóyá ọkọ rẹ̀ mọ olóṣèlú kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ohùn ránṣẹ́, bí ẹ bá ti ń sọ pé ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wá láti pa, ẹ ń sọ fún ìdílé gbogbo àwọn yòókù pé ikú ẹlòmíràn ló gbé èèyàn wọn lọ. Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ dákun, kí ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò, Ògo-Olúwa

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Àǹtí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ fi tìtẹríba tako apá kan nínú ohun tí a ń sọ níbí. Bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́ títí ìjọba yóò fi parí ìwádìí, àwọn ìjọba kan kò ní parí rẹ̀ láéláé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ìjọba Sófíẹ̀tì yin bàálù Korean Air Lines tó ṣìnà wọ òfuurufú wọn lulẹ̀, ènìyàn 269 sì kú. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n rí àwọn àpótí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, wọ́n gbé e pamọ́, àfi ìgbà tí Sófíẹ̀tì túká tí ìjọba Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà nígbà náà, kó wọn jáde. Ariwo tí ayé pa ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè kọ ọ́ sínú àdéhùn ìrìnnà òfuurufú lọ́dún 1984 pé kò tọ́ láti yìnbọn lu bàálù tó gbé èrò. Ká ní wọ́n dákẹ́ ni, kò bá má sí gbólóhùn yẹn nínú òfin.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ní Áfíríkà ńkọ́? Ààrẹ Samora Machel ti Mòsáńbíìkì kú nínú bàálù tó já ní Mbuzini ní Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbé kalẹ̀ di ẹ̀bi náà ru àwọn atukọ̀, Sófíẹ̀tì ní àmì ojú ọ̀nà èké ló fa ọkọ̀ náà kúrò lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yanjú títí di òní. Dag Hammarskjöld, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kú nínú bàálù tó já nítòsí Ndola, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí, lọ́dún 1961, àjọ náà fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tó bá ń béèrè nínú irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí kì í ṣe aláhesọ. Kò sí ohun tó ṣe wá tí a ó fi sọ ìbéèrè di ẹ̀ṣẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Àlékùwọdò

Agbẹjọ́rò, mo gbà pẹ̀lú yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a yà sọ́tọ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń wọnú ara wọn: kí ló ba bàálù jẹ́, ta ló ṣe é, àti pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ìkíní lè yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ìrù ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ìkejì lè gba ọdún. Ìkẹta ni ohùn inú ẹgbẹ́ ẹbí Ìyá Ìbejì ń dáhùn, òun sì ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yin bàálù Iran Air lulẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1988, ènìyàn 290 kú, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé àwọn rò pé ọkọ̀ ogun Ìráànì ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, kò tíì pé oṣù kan tí àwọn apániláyà kọlu New York, bàálù Siberia Airlines tó ń bọ̀ láti Tel Aviv já sínú Òkun Dúdú, ènìyàn 78 kú, gbogbo ènìyàn sì ń wá apániláyà. Mísáìlì tí àwọn ọmọ ogun Yukréènì fi ń ṣe ìdánrawò ni wọ́n rí i pé ó bà á. Ta ló ronú kàn án ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Nílé wa náà, nígbà tí bàálù ADC já ní Ẹjìrìn ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára àwọn 144 tó kú, àwọn kan nínú wa gbà pé Abacha ló pa á, nítorí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í bẹ̀rù láti bá ìjọba ológun wí. Ìwádìí ní wọ́n ń yà fún bàálù mìíràn lójú òfuurufú ni atukọ̀ fi pàdánù ìdarí ọkọ̀. Ìjọba náà burú ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló já bàálù yẹn.

Ọmọ Ọlọ́fọ́tò, Ọjà Ọba

Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, ní ti fídíò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé orí fóònù wa lẹ́yìn tí bàálù bá já kì í ṣe ti bàálù náà. Òmíràn jẹ́ ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òmíràn sì jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà. Ẹ ya àwòrán kan jáde lára fídíò náà, kí ẹ gbé e sórí Google láti fi wá ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo àwọ̀ ìrù bàálù bóyá ó bá ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ mu, kí ẹ sì wo ojú ọjọ́ àti ewéko tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní oṣù Kejìlá ni ní ilẹ̀ olótùútù tí igi sì tutù yọ̀yọ̀, ẹ má fi ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bàbá Ẹnjiníà, Ayétòrò

Ó ku ìbéèrè àbúrò yín, òun ni mo sì kà sí jù, torí pé ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n yin bàálù Màléṣíà yẹn, bàálù 160 ló gba òfuurufú ìlà oòrùn Yukréènì kọjá kí wọ́n tó tì í pa. Ìjọba Yukréènì ti ti òfuurufú náà pa títí dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 32,000, bàálù náà sì wà ní 33,000. Kò rú òfin kankan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọkàn tán ìjọba nìkan láti ti ojú ọ̀run pa.

Kí àbúrò yín tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kó ṣí Flightradar24, ìkànnì tó ń fi ọ̀nà tí bàálù ń gbà hàn, kó wo ọ̀nà tí bàálù tó ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú èyí tó fẹ́ wọ̀ gbà láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá jẹ́ ìlú tó sún mọ́ ojú ogun ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, kó wọ bàálù dé Moscow, kó sì wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibi tó kù, bó tilẹ̀ pẹ́. Moscow náà máa ń ti pápákọ̀ òfuurufú pa nígbà tí dúróònù bá ń bọ̀, nítorí náà kí ó fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín ìgbà tó bá dé àti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kó má ṣe bínú bí wọ́n bá dá wọn dúró. Ní Grozny, ojú òfuurufú ṣì wà ní ṣíṣí fún èrò nígbà tí dúróònù àti mísáìlì ń fò níbẹ̀, òun ló pa àwọn 38 yẹn.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin bàbá wa. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Bàbá lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé orí àwọn atukọ̀ tó fi agbára ẹ́ńjìnnì darí ọkọ̀ kọjá òkun, wọ́n ní kí n tún un kà. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà ni pé àwọn kò tíì gbà, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ọ̀nà tí bàálù náà ń gbà lórí fóònù kí wọ́n tó dáhùn. Àbúrò mi ti ń fi hàn wọ́n. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ tó fẹ́ wọ tẹ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí gúúsù Rọ́ṣíà, wọ́n sì ní kó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti Moscow, ó sì ti bá àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un sọ̀rọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ Àǹtí Ìgbọ́nà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa tó fi ohùn ṣọwọ́ sí ẹbí. Wọn kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ohùn náà kúrò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ tó ń kàwé ní apá ibẹ̀, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí irú ọ̀nà tó ń gbà lọ àti ìlú tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ká sanwó.